Ọ̀gá Tó Wà Lára Ògiri

Àwòrán òyìnbó kan wà lára ògiri pálọ̀ mi ní Bódìjà, tí mo purọ́ lé lórí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó ká lẹ́sẹẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Kì í ṣe irun rẹ̀ gan-an, irun àdémórí ni, irú èyí tí àwọn adájọ́ wa ń dé ní kóòtù. Ó máa ń wo ènìyàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ọkọ mi ló gé e kúrò nínú ìwé kan, tó fi í sínú férémù, tó sì kàn án mọ́ ògiri kí a tó ra àga tí a ó jókòó lé.

Ọkọ mi ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orin tí òyìnbó inú àwòrán yẹn kọ sílẹ̀ kí ó tó kú ló fẹ́ràn jù láyé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. N kò ní í sọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, nítorí n kò bi í. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ̀wé ń wá ọ̀nà ìlú òyìnbó, òun náà rí ọ̀nà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin. Ọdún mẹ́ta ló dá fún mi. A kò tíì bímọ. Nígbà náà, "wọ́n" ni mo máa ń lò tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ènìyàn. Lónìí, "ó" ti tó o.

Bọ́ìsì kọ́tà oníyàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé dókítà kan la ń gbé, a sì sọ yàrá kan di pálọ̀. Tuntun ni gbogbo Bódìjà nígbà náà. Ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri, òdòdó tí wọ́n gbìn yí ilé ká kò tíì ga ju orúnkún lọ. Ibi tó dára ni, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í kí ènìyàn níbẹ̀. Ní agboolé tí wọ́n bí mi sí, bí o bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni mẹ́rin á ti bi ọ́ pé kí ló dé. Ní Bódìjà, o lè wúkọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ajá dókítà nìkan ló máa dá ọ lóhùn.

Oṣù kan lẹ́yìn tí ọkọ mi wọkọ̀ òkun, ìyá rẹ̀ ti Ìkìrun wá bá mi gbé. Wọ́n ní àwọn wá bá ọmọ àwọn ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Inú kọ́kọ́ bí mi. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣọ́ lára mi? Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Agbówó, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, ilé: ibi mẹ́rin yìí nìkan ni ẹsẹ̀ mi mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń bọ̀ lọ́sàn-án, tí mo kọjá ilé dókítà, Màmá á ti wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí wọn. Wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, o ti dé?" bí ẹni pé wọn ò rí mi. Èmi náà á kúnlẹ̀, mo á ní, "Mo ti dé, Mà." Kò pé oṣù méjì tí mo fi ń yára rìn bọ̀ wálé nítorí gbólóhùn yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an ni wọ́n bi mí pé ta ni òyìnbó ara ògiri. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, iṣu sì wà lórí iná. Kí n tó ṣàlàyé pé ẹni tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni, pé orin ló kọ, pé ọmọ wọn fẹ́ràn orin náà ló fi kàn án síbẹ̀, iṣu á ti jóná. Mo ní, "Ọ̀gá ọmọ yín nílùú òyìnbó ni, Mà." Iṣu náà sì tún jóná. Láti ọjọ́ yẹn, bí Màmá bá ń gbálẹ̀, wọ́n á fi etí ìró wọn nu eruku ojú òyìnbó, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi o."

Màmá kò mọ̀wé. Bí lẹ́tà bá dé, ìwé búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń ká pọ̀ tó fi di àpòòwé ara rẹ̀, èmi ni mo máa ń kà á. Wọ́n á tún gèlè wé, wọ́n á jókòó sórí àga tó kọjú sí àwòrán, wọ́n á sì máa ṣe àmín sí gbogbo ohun tí mo bá kà, ì báà jẹ́ àdúrà, ì báà má jẹ́ àdúrà.

"Òtútù mú gan-an lọ́sẹ̀ yìí."

"Àmín."

"Ilé tí mò ń gbé jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́."

"Àmín o, Olúwa."

Ní ọdún kìíní, lẹ́tà ń wá déédé. Ní ọdún kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀kan dé tí mo kà lẹ́yìn kíláàsì mi, lórí ìdúró. Ọkọ mi kọ ọ́ pé òun ti fi ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀, òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní òun àti obìnrin ibẹ̀ kan ti ń gbé pọ̀ bí tọkọtaya, obìnrin náà sì ti bí ọmọkùnrin. Ó ní òun kò ní í padà wálé, kí n máà dúró de òun. Ó wá bẹ̀ mí kí n bá òun wá ọ̀nà sọ ọ́ fún ìyá òun, nítorí pé èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Mo rìn wálé. Màmá rí etí ìwé búlúù nínú báàgì mi kí n tó kúnlẹ̀. "Lẹ́tà ọmọ mi ti dé!" Wọ́n ti ń wé gèlè. Mo tú ìwé náà, mo la ẹnu, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ara ọmọ wọn le, pé ó ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé ọ̀gá rẹ̀ ń kí wọn. Wọ́n ṣe àmín.

Mo mọ ìdí tí mo fi ṣe é, n kò sì ní í fi pamọ́. Bí Màmá bá gbọ́ òtítọ́, wọ́n á di ẹrù wọn, wọ́n á padà sí Ìkìrun, nítorí kò sí ìyàwó ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́. Ọkọ ti lọ. N kò fẹ́ kí ìyá ọkọ lọ. Kì í ṣe ìfẹ́ ọkọ ló mú mi purọ́, ẹ̀rù ilé tó dákẹ́ ni.

Láti ìgbà náà, lẹ́tà ń dé lóṣooṣù, ó tilẹ̀ ń ṣe déédé ju ìgbà tí ó ń dé lóòótọ́ lọ. Mo fi lẹ́tà òtítọ́ pamọ́ sínú ìwé orin mi, ìwé búlúù ọdún kìíní kan náà ni mo sì ń mú jáde. Mo fún ọkọ mi ní àwọn ọ̀rẹ́, mo fún un ní aṣọ òtútù tuntun, mo jẹ́ kó yege nínú ìdánwò. Gbogbo lẹ́tà ló parí sí ibì kan náà: "Ọ̀gá mi tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ń kí yín." Màmá á dìde, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á kí ọ̀gá padà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ogún ọdún. Sinimá ló bá a.

Ilé sinimá kan wà lọ́nà Dùgbẹ̀ nígbà náà. Fíìmù Íńdíà àti ti àwọn òyìnbó tó ń gẹṣin yìnbọn ni wọ́n sábà máa ń fi hàn níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, èmi àti Màmá lọ ra kẹrosíìnì àti ọṣẹ, a rí pátákó tuntun níwájú rẹ̀. Orí òyìnbó kan ló wà lára rẹ̀, tó tóbi tó ilẹ̀kùn, pẹ̀lú irun funfun yẹn. Mo kà á: ìtàn ìgbésí ayé ẹni ara ògiri mi ni. Òṣèré kan ló múra bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n irun náà tó fún Màmá. Wọ́n sọ ọṣẹ kalẹ̀.

"Ìyàwó mi, ọ̀gá ọmọ mi kọ́ nìyẹn?"

"Ó jọ ọ́, Mà."

"Kò jọ ọ́, òun ni. A ó lọ wò ó. Bí a ò bá tilẹ̀ rí ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀, a ó rí ilé tí wọ́n jọ ń gbé."

Mo sọ fún wọn pé sinimá kì í ṣe ibi tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ. Wọ́n bi mí pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú ọ̀gá tó ń tẹ dùùrù.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta la lọ. Màmá wọ aṣọ tí wọ́n fi ń gba ara Olúwa, wọ́n mú agbòòrùn lọ́wọ́, wọ́n ní iwájú la ó jókòó. Ilé náà kò kún. Èmi ni mò ń túmọ̀ gẹ̀ẹ́sì sí wọn létí, mo sì ń fo ibi tí kò rọrùn fún mi. Nígbà tí wọ́n rí àbẹ́là lórí tábìlì, wọ́n ní, "Wọn ò ní iná ẹ̀lẹ́tíríìkì? Ọmọ mi ò sọ fún wa." Nígbà tí wọ́n rí ẹlẹ́ṣin tó ń gbé ìwé lọ láàárín pápá, wọ́n mi orí. "Ẹṣin ni wọ́n fi ń gbé lẹ́tà. Abájọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n sọ?

Màmá kò wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ojú kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ibì kan, ọba ń jẹun, ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan gbé àwo wọlé, ó sì jáde. Màmá di ọwọ́ mi mú, èékánná wọn wọ̀ mí lára.

"Òun nìyẹn?"

"Òun kọ́, Mà."

Wọn ò tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ronú kàn án pé tí mo bá sọ pé òun ni, a ó ti lọ sílé.

Nígbà tó yá, òyìnbó náà jókòó sí ìdí dùùrù ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohùn kan tó wà nínú ìwé orin wa, èyí tí a máa ń kọ ní ìsìn ìrọ̀lẹ́. Màmá gbé agbòòrùn sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n na ara wọn ró bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbé orin náà ní Yorùbá, ẹsẹ kìíní látòkèdélẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ bò wá lójú." Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n fà wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n ẹkún ni mò ń sun. Orin yẹn ni ọkọ mi tẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ẹni tó yẹ kó tẹ dùùrù lọ́jọ́ náà pẹ́ dé, ni ọkọ ìyàwó bá dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó sí ìdí dùùrù. Èmi nìkan ni mo dúró níwájú pẹpẹ, mo gbé òdòdó lọ́wọ́, títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Gbogbo ìjọ ló ní ó dára. Èmi náà ní ó dára.

Ìparí fíìmù náà kò dára. Ìyàwó òyìnbó náà padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Àìsàn kọlu ọkùnrin náà, ó ń wúkọ́ nínú yàrá tí kò níná, ó ń fi ìka tẹ orin lára aṣọ ìbora nígbà tí wọ́n ti ta dùùrù rẹ̀. Ó kú. Yìnyín ń bọ́ wálẹ̀, àwọn méjì tó gbẹ́ sàréè gbé pósí sínú ihò, wọ́n fi erùpẹ̀ bò ó, wọ́n gbé ṣọ́bìrì wọn kọ́ èjìká, wọ́n lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ilé sinimá tàn, àwọn ènìyàn sì ń jáde.

Màmá kò dìde.

"Ọmọ mi dà?" wọ́n ní.

"Mà?"

"Ọ̀gá rẹ̀ kú, wọ́n sin ín, kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí mo tọ́ kò lè gbé ilé ọ̀gá kí ó má sin ín. Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ kú."

Ní tiwọn, ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, òun ló ń gbé e lọ sínú sàréè. Bí kò bá wá, ikú tàbí àìsàn nìkan ló lè dá a dúró.

Nígbà tí a délé, wọ́n tú gèlè, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sórí ẹní, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo gbé ẹ̀kọ wá, wọn ò jẹ ẹ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Eré ni, Mà. Òṣèré ni wọ́n. Ẹni yẹn kò kú."

Wọ́n wò mí. "Ẹni tó ń kí mi lóṣooṣù, eré ni?"

Mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ní ọjọ́ Àìkú, Màmá kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò jẹun. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ya àwòrán ilé, mo jókòó, mo ṣètò irọ́ tuntun. Ọkọ mi lọ sí ìrìn àjò nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú. Òjò yìnyín dí ọ̀nà. Ó ti rí ọ̀gá mìíràn. Ó dára, kò ní ihò. Mo mọ ọ̀rọ̀ sọ lóòótọ́.

Mo délé, mo mú ìwé búlúù jáde. Màmá kò wé gèlè, wọn ò lọ sórí àga. Wọ́n ti orí ẹní rìn wá lórí eékún, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi. Ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ pé èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀.

"Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́. Bó bá ti kú, sọ fún mi. Má fi lẹ́tà tù mí nínú."

N kò lè fara dà á. Èmi náà kúnlẹ̀, àwa méjèèjì ń wo ara wa lórí eékún. Lẹ́yìn náà mo lọ mú lẹ́tà òtítọ́ wá láti inú ìwé orin mi, mo padà wá kúnlẹ̀, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí dé ibi tó ti ní èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Màmá kò ṣe àmín kankan.

"Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Mà."

"Ọkùnrin ni ọmọ náà?"

"Ọkùnrin ni."

Wọ́n dìde. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí wọn ò jẹun, wọ́n jó. Ẹsẹ̀ díẹ̀ ni, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọmọ ọmọ hàn wọ́n. Mo ń wò wọ́n láti ilẹ̀. Ó dùn mí ju lẹ́tà náà lọ. Nígbà tí wọ́n yí padà, wọ́n rí i pé mo ṣì wà lórí eékún, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sì jókòó.

Màmá nawọ́ sí ògiri. "Òyìnbó yìí ńkọ́? Ìgbà wo ló kú?"

"Kí wọ́n tó bí bàbá bàbá yín ló ti kú, Mà."

Wọ́n wo ògiri títí. "Òkú ló wá ń kí mi láti ọjọ́ yìí," wọ́n ní. "Ó mà mọ èèyàn kí o." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi láìròtẹ́lẹ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Màmá ló dáná lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kì í jẹ́ kí n jókòó kí àwọn dáná tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta wọ́n di ẹrù. Mo bẹ̀ wọ́n. N kò bẹ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí, n kò bẹ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró, pé n kò bínú, pé kò sí ẹni tó gbọ́ ọ yàtọ̀ sí àwa méjèèjì.

"Èmi gbọ́," wọ́n ní. "Ọmọ mi kọ̀ ọ́, mo jókòó mò ń jẹ iyọ̀ rẹ. Ojú ń tì mí. Ohun kejì ni pé, bí ìyá ọkọ bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà obìnrin, ọkùnrin wo ló máa yà wá kí i?"

"Mi ò wá ọkùnrin, Mà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Wọ́n di ojú àpò náà, wọ́n sì ní kí n bá àwọn fà á le.

Mo sìn wọ́n dé téṣàn rélùwéè ní Dùgbẹ̀. Mo gbé ẹrù wọn wọlé, mo bá wọn wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, wọ́n na ọwọ́ jáde, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà mí lé wọn lọ́wọ́, "ìyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí.

"Ó dàbọ̀, ọmọ mi," wọ́n ní.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo tún mọ ohun tí wọ́n fi gbà kúrò lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ lọ, mo fẹsẹ̀ rìn láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà, nítorí kò sí ẹni tó máa bi mí pé mo ti dé.

Ó tó oṣù méjì kí lẹ́tà tó dé láti Ìkìrun. Ìyàwó káàtíkíìsì wọn ló bá wọn kọ ọ́. Mo mú un wọlé láì tú u. Mo jókòó sórí àga tí mo máa ń lò tí mo bá ń kàwé fún Màmá, mo kọjú sí àga tiwọn, mo sì kà á sókè bí mo ti máa ń ṣe.

"Ọmọ mi ọ̀wọ́n. Ara mi le. Ilé tó ń jò ti dára. Òjò pọ̀ níbí. Máa jẹun dáadáa. Bá mi kí ọ̀gá tó wà lára ògiri."

Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo dúró díẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe àmín. Ajá dókítà ń gbó lóde. Nígbà tí mo kà á dé òpin, mo ṣe àmín náà fúnra mi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún gbogbo rẹ̀ pọ̀.